Aago Ọwọ́ Mi àti Aago Inú Rẹ̀

Aago márùn-ún ààbọ̀, Akureyri ò tíì mọ̀ pé ilẹ̀ máa mọ́.
Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ibí dà bí àlejò tí kò fẹ́ bọ́ bàtà:
á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á kí wa, á pẹ̀yìn dà.
Yìnyín ti bo etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́,
ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ ń rú èéfín,
omi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sè láìdáná igi.

Steinunn dé. Ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ súwẹ́tà tí ìyá rẹ̀ hun,
ó fẹsẹ̀ lásán tẹ yìnyín ní ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá
(mo ti kà á, mẹ́tàlá ni lójoojúmọ́),
kò sáré, kò gbọ̀n.
Ìyẹn náà wà nínú ẹ̀kọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà kí ọmọ ẹlòmíì tó jí.
Ọwọ́ labalábá: apá méjèèjì á gòkè pọ̀,
àyà á tẹ omi, ìbàdí á dáhùn.
Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ á ní ó rẹwà.
Ẹni tó wà nínú omi mọ̀ pé iná ni,
iná tó bẹ̀rẹ̀ ní èjìká, tó sọ̀ kalẹ̀ sí itan,
tó wá lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró bí onílé.
Mo ń pariwo: "Àgbọ̀n rẹ! Fi kan omi!"
Atẹ́gùn gbé ohùn mi lọ sétí òkun
níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tú àwọ̀n.

Iṣan kọ́ ló fìyà jẹ wá ní oṣù Kẹrin.
Ní Reykjavík, nínú ìdíje igba mítà,
ó ṣáájú títí di àádọ́jọ.
Bó ṣe yí padà lára ògiri kẹta,
ó wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Ó rí fìlà pupa ọmọ Hafnarfjörður,
ó sì gbàgbé pé òun ní apá.
Ipò kẹfà.

Nínú mọ́tò, bíi irinwó kìlómítà, kò sọ̀rọ̀.
Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.
Irọ́ ni, bí ẹni iwájú ò bá lanu.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, èmi náà wo ẹ̀gbẹ́.
Ọrùn ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, lẹ́yìn omi, a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì
nínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìnura sí.
Mo ní kó dijú. Mo ní kó fò sómi. Mo tẹ aago.
Ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú orí rẹ̀;
mo ń wo ìka rẹ̀ tó ń mì lórí orúnkún.
Tó bá kan ògiri ìkẹyìn, á ní: "Ó tán."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko.
"Níbo lo dúró sí?"
"Lára ògiri kẹta. Omi ibẹ̀ ki bíi wàrà dídì."
A padà síbẹ̀. Lójoojúmọ́ la ń padà síbẹ̀,
bí ẹni tó ń lọ wo ilé tó jóná,
títí ó fi rántí ibi tí ilẹ̀kùn wà.
Mo ní kó wá ọ̀rọ̀ kan tí á máa sọ níbẹ̀.
Ó wá a. Kò sọ ọ́ fún mi.
Ó dára. Ohun tí olùkọ́ bá mọ̀ tán, olùkọ́ lè bà á jẹ́.

Lánàá, lórí bẹ́ǹṣì: ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá.
Nínú omi: méjì àti mẹ́rìndínlógún.
Ìṣẹ́jú àáyá méjì ló kù láàárín orí àti ara.
Kò tíì borí ẹnikẹ́ni.
Bóyá fìlà pupa náà ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀,
ó ní arúgbó tirẹ̀ tó ń tẹ aago.

Steinunn wọ súwẹ́tà rẹ̀ ní òdì.
Irun rẹ̀ tó tutù ti ń gan kó tó dé ẹnu géètì.
Ó ní: "Ó dọ̀la, Ragna."
Mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín.
Mẹ́rìnlá.
Ó ti dúró díẹ̀ láàárín, ó gbójú sókè wo ohun kan,
n kò mọ ohun tó wò.